Ìhòòhò Létíkun àti Aṣọ Ìbẹ̀rù Ọlọ́hun

  



Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó ń kàwé ní Ìlú Ọba kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Ó ní àwọn ọ̀rẹ́ òun níléèwé pe òun pé kí àwọn jọ lọ sí etíkun kan, níbi tí ènìyàn ti lè bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ó bá wù ú. Nígbà tí òun kọ̀, wọ́n bi òun léèrè pé ṣé Ọlọ́hun tí ó dá ara òun ni ó tún ní kí òun máa tijú ara náà. Ó ní ọ̀rọ̀ náà gba òun lẹ́nu, òun kò rí èsì fọ̀. Ó wá bẹ̀ wá pé kí a kọ́ òun ní èsì, kí a má sì kàn bú àwọn ènìyàn náà, nítorí pé àwọn ni wọ́n gbé oúnjẹ wá fún òun nígbà tí òun ṣàìsàn.

Ìbéèrè rẹ̀ dára, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì dára ju ìbéèrè lọ. Bí a bá sọ pé wèrè ni wọ́n, a ti pa ẹnu wọn mọ́ lọ́dọ̀ ara wa nìkan, ṣùgbọ́n a kò fún arákùnrin wa ní ohun tí yóò mú lọ́wọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn.

TA NI WỌ́N, KÍ NI WỌ́N SÌ Ń WÍ?

Àwọn òyìnbó ń pè wọ́n ní naturist. Ilẹ̀ Jámánì ni ọ̀rọ̀ wọn ti gbilẹ̀, láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ìgbà náà, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ nígboro, èéfín bo ojú ọ̀run, ikọ́ ife sì ń pa àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ inú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Àwọn kan ní kí ènìyàn padà sí inú igbó àti etí omi, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè kan gbogbo ara. Ní oṣù kẹta ọdún 1933, lẹ́yìn tí àwọn Nazi gba ìjọba, Hermann Göring pàṣẹ lòdì sí àṣà náà, ṣùgbọ́n kò parun. Lábẹ́ ìjọba kọ́múníìsì ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ó tún tàn káàkiri etíkun Baltic. Ní ọdún 1953 ni wọ́n dá àjọ àgbáyé wọn sílẹ̀ ní Montalivet ní ilẹ̀ Faransé.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ààyè lọ́wọ́ ìjọba. Ní San Diego ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ ìlú fún wọn láyè ní apá kan Black's Beach ní ọdún 1974, àwọn ará ìlú sì fi ìbò fagi lé e ní ọdún 1977. Ní ọdún 1980, ìlú Brighton ní England ya apá kan sọ́tọ̀ fún wọn ní etíkun rẹ̀. Ní ọdún 1991, wọ́n rí ààyè gbà ní Haulover lẹ́bàá Miami. Ní Cap d'Agde ní gúúsù Faransé, odidi abúlé ni ó wà tí ènìyàn ti lè lọ ra búrẹ́dì ní ìhòòhò. Ní England àti Wales pàápàá, ìhòòhò nìkan kò sọ ènìyàn di ọ̀daràn. Òfin ọdún 2003 ń wò ó bóyá ṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ara hàn láti dẹ́rù ba ẹlòmíràn tàbí láti bà á lọ́kàn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn pọ̀, ṣùgbọ́n a lè kó o pọ̀ sí márùn-ún. Wọ́n ní ara kì í ṣe ohun ìtìjú. Wọ́n ní ìhòòhò kì í ṣe àgbèrè, àti pé àwọn ní òfin tí ó lòdì sí ìwàkíwà. Wọ́n ní oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń ṣe ara lóore. Wọ́n ní nígbà tí gbogbo ènìyàn bá bọ́ aṣọ, kò sí olówó, kò sí tálákà. Ní ìkẹyìn, wọ́n ní àwọn kò pa ẹnikẹ́ni lára, nítorí náà kí a fi àwọn sílẹ̀ ní ibi tí a ti ri àmì mọ́lẹ̀ fún wọn.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹni tí kò bá ní ìmọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ dáadáa lè gbọ́ ọ kí ó sì mi orí.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TUNTUN

Kí Ìsìláàmù tó dé, àwọn Lárúbáwá a máa yípo Káábà ní ìhòòhò. Àwọn Kùráéṣì àti àwọn tí ó bá wọn dá májẹ̀mú, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Hums, ní àwọn nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi aṣọ ara àwọn yípo. Àlejò tí ó ti òkèèrè wá gbọ́dọ̀ yá aṣọ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí kò bá rí ẹni yá a, yóò bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, yóò sì yípo ní ìhòòhò, ọkùnrin àti obìnrin.

Àwáwí wọn dùn ún gbọ́ létí. Wọ́n ní kò yẹ kí ènìyàn fi aṣọ tí ó fi dẹ́ṣẹ̀ sin Ọlọ́hun. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe bá a lọ́wọ́ àwọn bàbá àwọn, àti pé Ọlọ́hun ni Ó pa á láṣẹ. Ọlọ́hun dá wọn lóhùn nínú Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 28, pé Òun kì í pa ìwà ìbàjẹ́ láṣẹ. Ní ẹsẹ 31, Ó pàṣẹ fún ọmọ Ádámọ̀ pé kí wọ́n máa mú ọ̀ṣọ́ wọn ní gbogbo ibi ìforíkanlẹ̀. Ní ọdún kẹsàn-án Híjírà, tí ó bọ́ sí 631, Ànábì fi Sàídínà Abubakr ṣe olórí àwọn tí ń lọ sí Háájì. Nínú ìkéde tí wọ́n ṣe ní Míná ní ọdún náà, tí Sàídínà Ali náà sì kópa nínú rẹ̀, wọ́n sọ fún gbogbo ènìyàn pé lẹ́yìn ọdún yẹn ọ̀ṣẹbọ kankan kò gbọdọ̀ ṣe Háájì mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yípo Káábà ní ìhòòhò mọ́. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gbà á wá.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé ọ̀rọ̀ tí ó dára lè wà lẹ́nu ẹni tí ó ń ṣe ohun tí kò dára. Àwọn ti àtijọ́ ní nítorí ìmọ́tótó ọkàn ni àwọn ṣe ń bọ́ aṣọ. Àwọn ti òde òní ní nítorí ìmọ́tótó ara àti òmìnira ni. Ẹ̀kọ́ kejì ni pé Ànábì kò rán ènìyàn lọ lù wọ́n tàbí kí ó fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n kọ́kọ́ kéde fún wọn, wọ́n sì fún wọn ní gbèdéke. Báyìí ni ẹ̀sìn wa ṣe ń tún ayé ṣe.

ÈSÌ WA

Ìkínní, lórí pé ara kì í ṣe ohun ìtìjú. Òdodo ni wọ́n sọ. Súrà At-Tin, ẹsẹ 4, kọ́ wa pé ní ìdúró tí ó dára jùlọ ni Ọlọ́hun dá ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní ara jẹ́ ohun ẹ̀gbin kò gbọ́ ẹ̀sìn yìí yé. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wọn pé ohun tí a bá bò ni a kórìíra? Ẹni tí ó fi aṣọ mímọ́ wé Al-Kùránì rẹ̀, ṣé ó kórìíra rẹ̀ ni? Ìyá tí ó dé ìkòkò ọbẹ̀, ṣé ọbẹ̀ náà ti bàjẹ́ ni? Ní ilẹ̀ wa, bí àgbà obìnrin bá tú aṣọ lójú ọba tàbí lójú ọmọ, gbogbo ìlú ni yóò sá, nítorí èpè ńlá ni. Àwọn ìyá wa kò fi ìhòòhò ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré. Ohun tí ó lágbára ni à ń pa mọ́.

Bí wọ́n bá sì ní àwùjọ ni ó kọ́ ènìyàn ní ìtìjú, kí a rán wọn létí ìtàn Ádámọ̀ àti Hawá nínú Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 20 sí 22. Nígbà tí ìhòòhò wọn hàn sí wọn, ewé ọgbà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara. Ta ni ó kọ́ wọn? Kò sí télọ̀ níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, kò sí ọba. Tọkọtaya ni wọ́n, kò sì sí ènìyàn mìíràn láyé. Ìtìjú ti wà nínú ẹ̀dá kí àwùjọ tó wà. Ẹsẹ 27 sì kìlọ̀ pé kí Ṣàítánì má ṣe bọ́ aṣọ lára wa bí ó ti ṣe fún àwọn òbí wa méjèèjì.

Ìkejì, lórí pé ìhòòhò kì í ṣe àgbèrè. A kò gbọdọ̀ ní gbogbo ẹni tí ó bá dé etíkun bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe àgbèrè. Irọ́ àgbèrè tí a pa mọ́ ènìyàn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Òótọ́ ni pé púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn ní òfin: wọn kì í gbà kí ènìyàn tẹjú mọ́ ẹlòmíràn, wọn kì í sì gbà kí a ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Ní Tambaba ní ìpínlẹ̀ Paraíba ní Brazil, tí ó wà lábẹ́ òfin ìhòòhò láti ọdún 1991, fún ọdún púpọ̀ ni wọn kò fi jẹ́ kí ọkùnrin tí kò mú obìnrin lọ́wọ́ wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: bí ìhòòhò kò bá ju ojú àti ọwọ́ lọ, èéṣe tí òfin fi ní láti ṣọ́ ojú tí ń wò ó? A kì í ṣe òfin pé kí ènìyàn má tẹjú mọ́ ìgúnpá. Òfin tí wọ́n ṣe fúnra wọn ni ó ń jẹ́rìí fún wa pé iná wà nínú eérú náà. Ọlọ́hun ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí Ó fi pàṣẹ nínú Súrà An-Nur, ẹsẹ 30 àti 31, pé kí àwọn onígbàgbọ́ lọ́kùnrin kí wọ́n rẹ ojú wọn nílẹ̀, Ó sì sọ ọ́ fún àwọn obìnrin bákan náà. Ọkùnrin ni Ó kọ́kọ́ bá wí. Kí àwọn arákùnrin tí ń fi gbogbo ìwáàsù wọn bá híjáàbù àwọn arábìnrin wí fi etí sí èyí.

Ìkẹta, lórí oòrùn àti ìlera. Oòrùn ń ṣe ara lóore lóòótọ́. Nípa rẹ̀ ni ara fi ń ṣe fítámì D. Ṣùgbọ́n apá, ojú àti ẹsẹ̀ tó láti gba oòrùn náà. Ara kò béèrè pé kí a má ṣẹ́ku pátá. Oòrùn àpọ̀jù sì ń fa jẹjẹrẹ awọ ara, pàápàá fún àwọn aláwọ̀ funfun, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà wọn fi ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n dé fìlà kí wọ́n sì wọ aṣọ alápá gígùn létíkun.

Ìkẹrin, lórí pé ìhòòhò ń sọ olówó àti tálákà di ọ̀kan. Èyí ni ó dùn jùlọ nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ṣe pàtàkì. Ayé ti fi aṣọ ya ènìyàn sọ́tọ̀, àwa Yorùbá pàápàá mọ̀ ọ́n, àwa tí à ń jẹ gbèsè nítorí aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo Káábà ìgbà àìmọ̀kan. Ta ni ó wà ní ìhòòhò níbẹ̀? Àlejò tí kò ní alágbàwí ni. Ta ni ó wọ aṣọ? Kùráéṣì tí ó ni ìlú ni. Ìhòòhò kò sọ wọ́n di ọ̀kan. Ìyà tálákà ni ó túbọ̀ hàn. Kí wá ni Ìsìláàmù ṣe? Kò ní kí Kùráéṣì náà bọ́ aṣọ kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ó fi aṣọ funfun méjì tí a kò rán wọ gbogbo ọkùnrin, ọba àti agbẹ̀, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ àti ẹni tí ó ta oko láti fi san owó Háájì. Ẹ̀sìn wa mú ènìyàn dọ́gba nípa bíbo àṣírí gbogbo wọn.

Ìkarùn-ún, lórí pé wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní ti òfin ìlú, bí ìjọba bá ti ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ó sì ri àmì mọ́lẹ̀, ó sàn ju kí ènìyàn ṣe kòńgẹ́ ìhòòhò lójijì, nítorí ẹni tí kò fẹ́ ẹ yóò mọ ibi tí òun yóò yà sí. Kò sí ẹ̀tọ́ fún Mùsùlùmí tí ń gbé ní ìlú wọn láti lọ dá wàhálà sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti wa, ìbéèrè náà kò parí sí bóyá a pa ẹlòmíràn lára. Hádíìsì Bahz ọmọ Hakim, tí Abu Daud àti Tirmidhi gbà wá, kọ́ wa pé nígbà tí wọ́n bi Ànábì léèrè nípa ẹni tí ó dá wà, tí ènìyàn kan kò rí i, ó fèsì pé Ọlọ́hun ni ó lẹ́tọ̀ọ́ jùlọ pé kí a tijú Rẹ̀. Ara kì í ṣe tiwa. Wọ́n fi ṣọ́ wa ni.

ÀWỌN TÍ WỌ́N BỌ́ AṢỌ LÁRA WỌN NÍPÁ

Ohun kan tún wà tí ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní etíkun Bahia ní Brazil, níbi tí a ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, ibì kan wà lónìí tí wọ́n ń pè ní Massarandupió, tí àwọn ènìyàn ti ń bọ́ aṣọ fún ìgbádùn. Ní etíkun Bahia yẹn kan náà ni àwọn baba ńlá wa ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí wọ́n ti bọ́ aṣọ lára wọn nípá. Wọ́n ń fọwọ́ tẹ ara wọn wò lọ́jà bí ẹni ń ra màlúù.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ààrin wọn, tí wọ́n ń pè ní Malê, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde sí àwọn amúnisìn ní Salvador ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáànì, aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní abadá ni púpọ̀ nínú wọn wọ̀ jáde. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun wọn, àwọn ọlọ́pàá ń wá aṣọ náà nínú ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ẹrú tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní orúkọ, rí aṣọ ìjọsìn fi bo ara rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu nítorí rẹ̀. Nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ìgbà tí a bá bọ́ aṣọ ni a di òmìnira. Àwọn baba wa mọ òmìnira, aṣọ ni ó wọ̀ wá bá wọn.

ÒMÌNIRA TA NI?

Ẹ tún wo ilẹ̀ Faransé. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2016, nǹkan bí 30 ìlú níbẹ̀, tí Cannes wà lára wọn, ṣe òfin pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọ aṣọ ìwẹ̀ tí ó bo gbogbo ara wá sí etíkun. Ayé rí fọ́tò ọlọ́pàá tí wọ́n dúró ti obìnrin kan létíkun Nice, tí ó ń bọ́ aṣọ alápá gígùn rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà, ilé ẹjọ́ ìjọba tí ó ga jùlọ lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dá òfin ìlú Villeneuve-Loubet dúró. Síbẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ yìí kan náà kò jẹ́ kí ìlú Grenoble gba aṣọ náà láyè nínú odò ìwẹ̀ ìlú. Ilẹ̀ tí ó ní Cap d'Agde ni à ń wí yìí o! Ẹni tí ó bọ́ gbogbo aṣọ rí ibi lọ, ẹni tí ó bo ara ni ọlọ́pàá bá.

A kò sọ pé àwọn onìhòòhò ni wọ́n ṣe òfin náà. Ṣùgbọ́n bí arákùnrin wa bá ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ òmìnira, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé: òmìnira tí ẹ ń béèrè fún, ṣé ẹ ó gbà á fún arábìnrin mi pẹ̀lú? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, olóòótọ́ ni wọ́n. Aṣọ ìwẹ̀ náà wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Aheda Zanetti, ọmọ Lẹ́bánónì tí ó ń gbé ní Australia, ni ó ṣe é ní ọdún 2004. Ẹ̀sìn wa kò lé wa kúrò nínú òkun. Ọkùnrin tí ó bo ara láti ìdodo dé orúnkún, àti obìnrin tí ó bo ara rẹ̀ bí òfin ti wí, lè lúwẹ̀ẹ́ níbi tí ó bá yẹ.

Ẹ JẸ́ KÍ Á BẸ̀RẸ̀ LÁTI ILÉ ÌWẸ̀ WA

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Ó rọrùn láti bu ẹnu àtẹ́ lu òyìnbó tí ó wà ní Brighton. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nílé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀? Ogún ọkùnrin yóò tò sí ẹ̀yìn ilé, korobá níwájú, ọṣẹ lọ́wọ́, kò sí aṣọ lára ẹnikẹ́ni. Wọn yóò máa ṣe àwàdà nípa ara wọn. Mùsùlùmí wà láàrin wọn, ẹni tí ó ti kírun àsùbáà tán. Bí a bá bi í, yóò ní ọkùnrin ni gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará etíkun náà ń sọ nìyẹn: gbogbo wa ni a ní i.

Ẹ gbọ́ hádíìsì. Muslim gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Abu Said al-Khudri pé Ànábì kọ̀ fún ọkùnrin láti wo ìhòòhò ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀ fún obìnrin láti wo ìhòòhò obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Abu Daud àti Nasai gbà á wá pé Ànábì rí ọkùnrin kan tí ó ń wẹ̀ ní gbangba láìró aṣọ. Ó gun orí mínbárì, ó sì kọ́ àwọn ènìyàn pé Ọlọ́hun jẹ́ onítìjú, Ó jẹ́ abo-àṣírí, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ̀ fi nǹkan bo ara. Ẹ wò ó bí Ànábì ti ṣe é: ó bá gbogbo ìjọ wí, kò dárúkọ ọkùnrin náà. Muslim tún sọ nípa Miswar, tí ó gbé òkúta wúwo, tí ìró rẹ̀ já bọ́ tí kò sì lè fi òkúta sílẹ̀. Ànábì ní kí ó padà lọ mú aṣọ rẹ̀, kí wọ́n má ṣe máa rìn ní ìhòòhò. Iṣẹ́ kò di àwáwí fún un.

A mọ̀ pé ẹni tí ó bá ró aṣọ wẹ̀ níbẹ̀ yóò di ẹni ẹ̀sín. Wọn yóò ní kí ni ó ń fi pamọ́, bóyá àrùn ń ṣe é. Ará wa, ìwọ kọ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ sí. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé àwọn ọmọ Ísíráẹ́lì a máa wẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n a sì máa wo ara wọn, ṣùgbọ́n Ànábì Músá a máa dá wẹ̀. Wọ́n ní àfi bí àbùkù kan bá wà lára rẹ̀. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni Ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí wọ́n bá fi ìtìjú bú, ẹgbẹ́ Ànábì Músá ni ó wà.

Etíkun mìíràn sì wà tí kò nílò ọkọ̀ òfuurufú. Inú àpò wa ni ó wà. Ẹni tí kò jẹ́ dé Cap d'Agde láyé, tí ó sì ń fi òru wo ìhòòhò lórí fóònù, kí ni ó fi sàn ju ẹni tí ó lọ? Ẹni tí ó lọ lè bọ́ ojú kúrò kí ó padà sílé. Arábìnrin tí ẹni kan ń bẹ̀ pé kí ó ya ara rẹ̀ ní ìhòòhò ránṣẹ́, tí ó ní nítorí ìfẹ́ ni: ìfẹ́ kọ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì fi bà wọ́n lórúkọ jẹ́. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ má ṣe pa ara yín nítorí rẹ̀. Ẹ wá bá àgbà tí ẹ fọkàn tán, ẹ tọrọ àforíjì Ọlọ́hun. Ẹni tí ó bá sì rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ gbà, kí ó pa á rẹ́, kí ó má ṣe fi ránṣẹ́ síwájú. Ẹni tí ó bo àṣírí Mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN WA FÚN ARÁKÙNRIN NÁÀ

Arákùnrin wa, má ṣe lọ. Má sì ṣe já àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sílẹ̀. Sọ fún wọn ní ohùn jẹ́jẹ́ pé o kò tijú ara rẹ, ọ̀wọ̀ ni o ń bù fún un, àti pé Ẹni tí ó dá a ni ó fún ọ ní aṣọ. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ sí i, sọ ìtàn Káábà àti aṣọ méjì Háájì fún wọn. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Pè wọ́n wá jẹun ní yàrá rẹ lọ́jọ́ mìíràn, nítorí àwọn náà gbé oúnjẹ wá fún ọ. Súrà An-Nahl, ẹsẹ 125, pàṣẹ pé kí a fi ọgbọ́n àti ìṣítí rere pe ènìyàn sí ojú ọ̀nà Olúwa wa.

Bí ojú rẹ bá ṣèèṣì já sí ohun tí kò yẹ létíkun ìlú tí o wà, má ṣe da ara rẹ láàmú. Jarir bi Ànábì nípa ìwò òjijì, èsì tí ó rí gbà ni pé kí ó mú ojú rẹ̀ kúrò. Èyí wà nínú Muslim. Bí àìsàn bá sì mú kí dókítà yẹ ara rẹ wò, ìwọ̀n tí ó bá pọn dandan ni kí o ṣí, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìkẹyìn, kí gbogbo wa rántí pé Súrà Al-A'raf, ẹsẹ 26, ka aṣọ tí ń bo ìhòòhò, ó ka aṣọ ọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ni ó sọ pé aṣọ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni ó dára jùlọ. Ènìyàn lè wọ agbádá mẹ́ta kí ó wà ní ìhòòhò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, bí ó bá jẹ́ òpùrọ́, bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń jẹ owó ọmọ òrukàn. Kí á má ṣe fi bíbo ara gbéraga sí ẹni tí kò bò ó. Ọjọ́ ń bọ̀ tí a ó jí gbogbo wa dìde láìwọ bàtà, láìwọ aṣọ, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti sọ fún ìyá wa Àíṣátù. Nígbà tí ìyá wa béèrè bóyá tọkùnrin tobìnrin yóò máa wo ara wọn, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà le ju ìyẹn lọ. Aṣọ tí a bá rán láyé níbí, ti ìwà, ti òótọ́, ti ìtìjú, ni ó kù tí yóò wúlò.

Ọlọ́hun, Ìwọ Abo-àṣírí, bo àṣírí wa láyé, bò ó lọ́run. Rẹ ojú wa nílẹ̀ kúrò nínú ohun tí O kọ̀. Ṣọ́ àwọn ará wa tí wọ́n wà lẹ́yìn odi, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ ìtìjú nù, má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ ìwà pẹ̀lẹ́ nù. Fi aṣọ ìbẹ̀rù Rẹ wọ̀ wá. Àmín.